Bí Mo Ṣe Wá Òróró Olóòórùn fún Ẹsẹ̀ Ìbídùnní

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má bàa sọ lọ́la pé ìlàjì ọ̀rọ̀ ni òun gbọ́. Ẹ gbé agbè ẹmu yẹn sún sí ọ̀dọ̀ mi, nítorí ọ̀nà tí mo fẹ́ mú yín rìn lónìí jìn, ọ̀fun tó bá sì gbẹ kì í la igbó já. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Ọdẹ́tóògùn, ará Ìdí-Ìṣin. Èmi ni mo wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n sì wolẹ̀. Èmi ni mo yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹyẹ mẹ́ta bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan nítorí ọta, méjì tó kù nítorí ìtìjú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí àgbà bá ń purọ́, ẹ jẹ́ kí ó purọ́ débi tí òtítọ́ wà kí ẹ tó dá a dúró.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìtàn ẹran pípa. Ìtàn egbò kan ni, egbò kékeré tí mo sọ di ńlá, àti bí mo ṣe fi orí la igbó iwin lọ wá oògùn rẹ̀, nígbà tí oògùn náà wà nínú ìkòkò omi lẹ́yìn ilé mi.

Ìyàwó mi ni Ìbídùnní. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú yín mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ẹyọ kan, èèyàn á máa jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọdún kan, nígbà tí à ń ro oko iṣu, ọkọ́ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gé e ní ẹsẹ̀ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Egbò náà kò gùn ju ìka mi yìí lọ. Ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí a bá ti fi í sílẹ̀ fún un kí ó bu omi sí i, kí ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó fi aṣọ tó mọ́ dì í, ìtàn mi ì bá ti parí síbí, ẹ ó sì ti máa lọ sílé yín.

Ṣùgbọ́n èmi ọkọ rẹ̀ ti igbó dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la inú òkété mẹ́rin tán ni, ọwọ́ mi pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé aya mi farapa, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí, nítorí mo rí ibi tí n ó ti fi ọgbọ́n hàn. Mo já ewé kan létí ọ̀nà, mo rún un lẹ́nu pọ̀ mọ́ obì tí mo ń jẹ lọ́wọ́, mo tu ú sórí egbò, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo fa etí gbérí ọdẹ mi ya, mo fi dì í. Gbérí náà kò tíì rí omi láti ọjọ́ tí bàbá mi ti gbé e lé mi lọ́wọ́. Ohun tí a gbà ni pé agbára wà nínú rẹ̀ tí omi lè gbé lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ wú. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo fi eérú kún ewé. Nígbà tí eérú kò ràn án, mo fi àdín kún eérú. Nígbà tí àdín náà kò ràn án, mo bu ẹ̀tù ìbọn díẹ̀ lé e, mo ní bí àìsàn kò bá bẹ̀rù ewé, yóò bẹ̀rù ìbọn. Ẹsẹ̀ Ìbídùnní wá dà bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi se oríṣi ọbẹ̀ méje láìfọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mọ́rẹ̀nikẹ́, wá kí i. Ó tú aṣọ náà, ó wò ó, ó tún un dì, ó sì sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Òkè-Odò. Mo dá a lóhùn pé aya apẹja kì í ra ẹja lọ́jà. Mo ní kí ni àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi yóò wí bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyàwó Ọdẹ́jìnmí, tí gbogbo ewé igbó ń dá lóhùn, lọ dùbúlẹ̀ níwájú ọmọdé aláṣọ funfun. Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò bá mi jiyàn. Ó kàn wò mí bí ẹni ń wo ilé tó fẹ́ wó.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan tó ń kiri òrí àti ọṣẹ yà sí ìloro wa láti sinmi. Nígbà tí òórùn ẹsẹ̀ náà kàn án nímú, ó sọ fún wa pé ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Iwin tí wọ́n ń pè ní Ìlú Olóòórùn. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ mọ bí a ti ń fún òróró jáde lára ewé: òróró efinrin, òróró koríko-ọba, òróró kànáfùrù. Ó ní bí ẹ̀kán kan bá kan egbò, egbò náà á kí ọ pé ó dàbọ̀. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo fi gbé ìbọn kọ́ èjìká. Mo sọ fún Ìbídùnní pé kí ó dúró dè mí fún ọjọ́ méje.

Ó gbé orí sókè lórí ẹní. "Bàbá Ọláìtán," ni ó wí, "ẹ rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n egbò kì í bá yín ka ọjọ́ méje."

Mo lọ.

Mi ò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dà yín láàmú. Bí mo ti dé ẹnu Igbó Iwin ni iwin kan na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà. Orí rẹ̀ tó odó, imú mẹ́ta sì tò sójú rẹ̀ bí òkúta ààrò. Ó ní imú kìíní ń gbọ́ òórùn ẹ̀rù, imú kejì ń gbọ́ òórùn irọ́, imú kẹta sì ń gbọ́ òórùn gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn láti ìgbà tó ti fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. Ó ní kò sí ẹni tó ń kọjá láìna ọwọ́. Mo na ọwọ́ mi fún un pẹ̀lú ìgbéraga, nítorí ọwọ́ tó pa ẹkùn ni.

Ó tẹ orí ba, ó fi imú kẹta lé e. "Ìfun òkété," ni ó wí. "Etí ajá. Imú ìwọ fúnra rẹ. Ẹ̀tù ìbọn. Ọbẹ̀ ilá. Ìfun ìgalà ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdí ewúrẹ́, èyí kò yé mi. Imú rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹsẹ̀ obìnrin kan tó ń jẹrà. Ọṣẹ kò sí níbẹ̀."

Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ akọni ṣe ń rí, pé ọwọ́ tó bá mọ́ jù, ọ̀lẹ ló ni ín. Bóyá irọ́ inú ọ̀rọ̀ mi ló wọ imú kejì, èmi kò mọ̀. Imú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sín. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé mi fò kọjá ìrókò ọgọ́rùn-ún àti àràbà mẹ́rìnlá, ó sì sọ mí sílẹ̀ lẹ́nu bodè Ìlú Olóòórùn. Àwọn ọdẹ mìíràn fi oṣù mẹ́ta rin ọ̀nà yẹn. Èmi, ọwọ́ ìdọ̀tí mi ni mo fi wọkọ̀.

Ẹ̀yin tó jókòó síbí, ẹ kò tíì gbọ́ òórùn rí. Kí n tó rí ilé kan ṣoṣo ni ìlú náà ti ń ta sánsán sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, mo rí i pé ààtàn wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, ó ga dé ojú fèrèsé. Lárààárọ̀, onílé á jáde, á wọ́n òróró koríko-ọba sórí ààtàn, á di ojú, á fa èémí, á sì padà wọlé láyọ̀. Àwọn eṣinṣin ibẹ̀ pàápàá ta sánsán. Bí ará ìlú méjì bá pàdé, wọn kì í béèrè àlàáfíà ara wọn, wọ́n á gbóòórùn ara wọn lọ́rùn ni. Igò kéékèèké sì wà lọ́rùn olúkúlùkù: igò fún orí fífọ́, igò fún àìróorunsùn, igò fún àna tí kò gbọ́ràn.

Wọ́n mú mi lọ síwájú ọba wọn, Ọba Atasánsán, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan tí aṣọ rẹ̀ bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ títí kan ilẹ̀. Láti fi yẹ́ mi sí, wọ́n da òróró kànáfùrù lásán, tí a kò fi nǹkan kan là, sí mi lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibí yìí. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ó jó mi débi pé mo fò sókè, mo yí po, mo na ẹsẹ̀, mo ká ẹsẹ̀. Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àlejò mọ ijó jó.

Nígbà tí mo rí ẹnu sọ̀rọ̀, mo sọ fún ọba pé òróró rẹ̀ ń bó mi lára. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá òpè sọ̀rọ̀. Ó ní láti ara ewé ni ó ti wá, ohun tó bá sì ti ara ewé wá kì í pani lára.

"Kábíyèsí," ni mo wí, "ta ló dá wèrèpè?"

Ìjòyè kan fi ìka méjèèjì di etí. Àṣé èèwọ̀ ni fún ẹni tí kò ní igò lọ́rùn láti béèrè ohunkóhun ní ìlú náà, ẹni tó bá sì ní igò lọ́rùn kì í ní ohun tó fẹ́ béèrè. Ọba ní kí wọ́n yára fi igò kan kọ́ mi lọ́rùn kí ìbéèrè mi lè rí ìdáríjì gbà. Wọ́n kọ́ ọ. Ó wá bi mí ohun tí mo wá ṣe. Mo sọ ti ẹsẹ̀ Ìbídùnní fún un. Ó ní òróró wà, òróró pọ̀, ṣùgbọ́n òfin ìlú ni pé ẹnikẹ́ni kì í gba òróró láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ jẹ́rìí pé òróró náà wò ó sàn.

Mo ní n kò tíì lò ó. Ó ní ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí n jẹ́rìí nísinsìnyí, kí ọkàn mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì.

Ni wọ́n bá mú mi lọ sí gbàgede, níbi tí àwọn mìíràn ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún ẹ̀rí jíjẹ́. Obìnrin kan jẹ́rìí pé òun yadi tẹ́lẹ̀, ó sì fi wákàtí kan gbáko sọ ọ́. Ọkùnrin kan jẹ́rìí pé òun ti kú rí, pé nígbà tí wọ́n ta òróró yukalíptọ́ọ̀sì sí òun nímú, òun jí, òun sì béèrè oúnjẹ. Àwọn ènìyàn ń mi orí. Nígbà tó kàn mí, ẹ̀yin mọ̀ mí, a kì í fi irọ́ dẹ́rù ba ọdẹ. Mo ní ìbọn mi yìí ní ikọ́ fún ọdún méjì. Mo ní bí mo bá fẹ́ yìn ín, á kàn húkọ́ ni, ẹran á sì kí i pé ó kú ara àìyá. Mo ní wọ́n fi ẹ̀kán òróró kan sí i lẹ́nu, ó sín, ó sì pa ìgalà mẹ́ta fúnra rẹ̀ nígbà tí mo ń sùn. Inú ìlú náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé igò tó tóbi jùlọ jáde fún mi.

Ọba fúnra rẹ̀ ló dìde láti gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí ó ti dìde, afẹ́fẹ́ ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, mo sì rí ojúgun rẹ̀. Aṣọ méje ni wọ́n fi dì í lérí ara wọn, òróró rin gbogbo rẹ̀ gbindin, eṣinṣin sì bò ó bí ìgbà tí oyin bo afárá. Lábẹ́ òórùn dídùn náà ni mo ti gbọ́ òórùn kejì, èyí tí mo fi sílẹ̀ nílé. Ọba rí i pé mo rí i. Ó fa aṣọ wálẹ̀.

"Ó ti ń jiná," ni ó wí.

Mo béèrè láti ìgbà wo.

"Láti ọdún mẹ́sàn-án."

Ẹ wòye, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọkùnrin tó gbọ́n, ibẹ̀ ni ì bá ti da igò sílẹ̀ kí ó sá. Èmi, mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo gbé igò mi, mo lọ. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà jíjìn nítorí ohun kan kì í fẹ́ gbọ́ pé ohun náà kò dára.

Ọ̀nà àbọ̀ gba ẹ̀bá ìsun omi kan kọjá. Ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ lórí òkúta, ó ń fọ ọwọ́. Mo dúró kí ó parí kí n lè bu omi mu. Ó fọ̀ ọ́ títí mo fi jókòó. Ó fọ̀ ọ́ títí oorun fi ń gbé mi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Nígbà tó yá, ó bi mí ní ibi tí mò ń gbé igò olóòórùn lọ, mo sì sọ fún un. Ó ní òun ni Ìyá Ìsun, pé ẹnikẹ́ni kì í gbé òróró kọjá ilẹ̀ òun láìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ẹni tó bá kùnà, igò rẹ̀ á di ti odò.

Mo ní kí ó béèrè. Ọmọ ẹni tó ń pa àlọ́ fún ẹkùn kí ó tó pa á ni mí.

Ó bi mí pé kí ni ó ń jẹ ẹran ara wa láìní eyín. Mo ní egbò ni. Ó ní mo gbìyànjú. Ó bi mí pé àwọn ọmọ ogun wo ni kò ní ẹsẹ̀, tí wọ́n ń gun ọwọ́ bí ẹṣin wọ ilé onílé, tí ojú kò sì rí wọn. Èyí gba mí ní àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí àwọn olùkọ́ ń sọ fún àwọn ọmọ wa nílé-ẹ̀kọ́, mo ní kòkòrò àìfojúrí ni. Ó mi orí.

"Ẹ̀kẹta nìyí," ni ó wí. "Ta ló gbé wọn wọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ?"

Mo ní ọkọ́ ni. Ó ní kì í ṣe ọkọ́. Mo ní ilẹ̀ oko ni. Ó ní bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹsẹ̀, omi á fọ̀ wọ́n kúrò. Mo ní àwọn ọ̀tá ni, mo sì dárúkọ ọ̀tá mọ́kànlá fún un, tó fi mọ́ àwọn tó jókòó síbí, ẹ má bínú. Ó ní kí n dákẹ́. Ó bu omi díẹ̀ sínú ewé, ó kán an sí mi lójú, ó sì ní kí n wo ọwọ́ mi.

Mo wò ó. Ìlú ni mo rí. Ọjà ńlá wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n kọ́lé sí abẹ́ gbogbo èékánná, wọ́n la ọ̀nà sáàárín ìka, ọmọ wọn ń ṣeré nínú ilà ọwọ́ mi bí ẹni ń wẹ̀ lódò. Èmi tí n kò sá fún ẹfọ̀n, mo na ọwọ́ mi jìnnà sí ara mi. Lórí àtàǹpàkò mi ni ọba wọn jókòó sí, kò tó ọmọ èèrùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dún ketekete.

"Ọdẹ́jìnmí, ọkọ̀ ojú omi wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ni ó wí. "Inú òkété ni a wà, ìyà ń jẹ wá níbẹ̀. Ìwọ ló gbé wa lọ sí ilẹ̀ tuntun, o sì fi àtàǹpàkò yìí tì wá wọlé kí á má bàa ṣubú. Ilẹ̀ náà lọ́ràá. A ti bímọ níbẹ̀, àwọn ọmọ wa ti bímọ. Nígbà wo ni a tún ń lọ?"

Mo sọ fún Ìyá Ìsun pé èmi ni, èmi ni mo gbé wọn wọlé. Mo rántí bí Ìbídùnní ṣe na ẹsẹ̀ sí mi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé, bí ó ṣe di eyín nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, bí ó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìbínú gbé mi. Mo ṣí igò, mo da ìlàjì rẹ̀ lé àwọn kòkòrò náà lórí. Àwọn tó wà ní gbangba húkọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ àti ọ̀rá òkété kàn fa ìdọ̀tí borí bí aṣọ ìbora, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òróró kò lè la ìdọ̀tí já.

Ìyá Ìsun gbé ọṣẹ dúdú lé mi lọ́wọ́. Mo fọ̀, ó ní kí n tún fọ̀. Mo fọ abẹ́ èékánná, mo fọ àárín ìka, mo fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ń rí i bí ilé wọn ṣe ń wó, bí omi ṣe ń gbé wọn lọ, ọba wọn ló lọ kẹ́yìn, ó sì ń bú mi lọ. Ìyá Ìsun wá jókòó tì mí, ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò rí kọ́ ní ogójì ọdún iṣẹ́ ọdẹ. Ó ní ewé kì í ṣe ọba, ìránṣẹ́ ni. Omi àti ọṣẹ ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ní efinrin dára, ìmí-eṣú dára, ṣùgbọ́n kí n fọ ewé, kí n sè é, kí omi rẹ̀ tutù nínú ohun èlò tó mọ́, kí n má sì fi ẹnu rún un mọ́ láyé. Ó ní òróró inú igò kì í kan ara lásán. Ẹ̀kán kan nínú ṣíbí àdín kan tó, kì í kan ojú, kì í kan ọmọ ọwọ́, ojú egbò tí kò jìn ni a sì ń fi í pa. Ó ní ilẹ̀ ilé àti pákó tí a fi ń gé ẹran ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù.

"Egbò tó bá jìn, tó ń rùn, tí ibà tẹ̀lé e," ni ó wí, "kì í ṣe ti èmi, kì í ṣe ti ìwọ. Gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní abẹ́rẹ́. Má dúró pa ẹran lọ́nà."

N kò dúró pa ẹran. Àgbọ̀nrín kan tilẹ̀ dúró níwájú mi tó ń wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, mo ní kí ó yà lọ́nà. Ọjọ́ keje pé nígbà tí mo dé ilé. Ẹní Ìbídùnní ti ká, kò sí ẹnì kan lórí rẹ̀. Àwọn ará ilé ló yára sọ fún mi pé ọjọ́ kejì tí mo lọ gan-an ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbé ọ̀kadà wá, tí ó gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí Òkè-Odò láìdúró gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. N kò ní parọ́ fún yín: ìbínú ló kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní ilé ìwòsàn, Mọ́rẹ̀nikẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí i, ó kàn sún ẹsẹ̀ kí n lè wọlé. Ìbídùnní jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rù, àmọ́ ojú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé ẹran tó kú kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọmọ-ìka náà sì bá a lọ. Nọ́ọ̀sì ń fọ ọwọ́ nígbà tí mo wọlé, ó fọ̀ ọ́ bí ẹni pé òun àti Ìyá Ìsun ni wọ́n jọ mu ọmú ìyá kan. Ó ní òun ti ń fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Ó ní òun bá eérú nínú egbò náà, òun bá ẹ̀tù ìbọn, òun bá obì, òun bá òwú dúdú, òun sì bá irun òkété. Ó ní ta ló kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀.

Ìbídùnní ṣáájú mi. "Èmi ni," ni ó wí. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níbí, wọ́n ti kì mí ní oríkì láwùjọ àwọn ọba. Kò sí oríkì tó wúwo lórí mi tó ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Mo bọ́ fìlà. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ń purọ́ nítorí mi, pé ọwọ́ mi yìí ni, pé òkété mẹ́rin ni mo là kí n tó tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dúró de èébú. Nọ́ọ̀sì kò bú mi. Ó kàn nawọ́ sí abọ́ omi àti ọṣẹ, ó ní bí mo bá ti fọwọ́ tán, òun á kọ́ mi bí n ó ṣe máa pààrọ̀ aṣọ egbò náà nílé. Mo fi ìlàjì igò tó kù hàn án. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí ó kan ibi tí abẹ ti kàn, pé kí n fi sínú omi tí a ń fi nu ilẹ̀. Ìyá Ìsun àti nọ́ọ̀sì kò rí ara wọn rí, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu.

Ogójì ọjọ́ ni mo fi ṣe ìtọ́jú ẹsẹ̀ náà. Èmi ni mo ń se omi. Èmi ni mo ń sá aṣọ sínú oòrùn. Mo se efinrin, mo fi omi rẹ̀ nu ilẹ̀ yàrá. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ha pákó tí mo fi ń gé ẹran. Mo fọ gbérí bàbá mi pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni omi rẹ̀ dúdú. Ní ẹ̀ẹ̀keje ni a tó rí i pé pupa ni aṣọ náà. Ẹsẹ̀ jiná. Ìbídùnní ń tiro díẹ̀ nígbà òjò, bí mo bá sì ń wo bí ó ṣe ń rìn lọ, mo máa ń wolẹ̀ bí ẹfọ̀n.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Àwọn ọdẹ gbọ́. Wọ́n sọ mí ní Afọwọ́-bí-ìyàwó. Olúọdẹ wa, Ògúnṣínà, ọkùnrin tí gbogbo yín mọ̀, dìde ní ìpàdé, ó ní ẹran kì í sún mọ́ ọwọ́ tó ń ta sánsán, pé ọdẹ tó bá ń fọ ọwọ́ ń fọ orí ire rẹ̀ lọ ni. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ẹmu fi tán. Ìgalà méjì ni mo pa ní ọ̀sẹ̀ náà, nítorí ewé ni wọ́n ń gbọ́ lára mi, wọn kò gbọ́ ènìyàn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ní ọ̀sán gangan, mo rí i tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mì lẹ́yìn ilé mi. Olúọdẹ ló gba ibẹ̀ wọlé, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ẹran. Pakuté rẹ̀ ti gé e ní àtẹ́lẹwọ́ láti àná, ó sì ti fi etí gbérí dì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi pé òun kàn ń kọjá lọ ni. Ìbídùnní kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àpótí fún un, ó tiro wọlé, ó sì gbé abọ́ omi àti ọṣẹ dúdú jáde síwájú rẹ̀.

Olúọdẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tú gbérí. Ó fọ ọwọ́. Omi àkọ́kọ́ dúdú bí aró, omi kejì rí bí ọbẹ̀, omi kẹta ni a tó rí ọwọ́ Olúọdẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fi í joyè. Nígbà tí ó parí, ó ní kí n fi ìbọn bàbá mi búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Mo búra.

Ọdún mẹ́fà nìyí, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀yin tó wà níbí àti àwọn tó jókòó síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà bí ẹ ti ń lọ sílé, ẹ kí i dáadáa. Ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀.